Ìrìn Gbẹ̀fẹ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìrúwé: Ibi Tí Ẹ̀yin àti Ọ̀rẹ́ Yín Ó Ti Jẹun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé mọ ẹ̀tàn púpọ̀. Oòrùn á là, ẹyẹ á máa ké lórí igi tí kò tíì rúwé, ẹ ó ṣí fèrèsé, ẹ ó rí i pé òtútù tó ń gé èèyàn jẹ tẹ́lẹ̀ ti rọlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín á fi pè: "Ṣé ká lọ na ẹsẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ Sátidé, ká gbé oúnjẹ dání?" Ẹ má kọ̀ ọ́ o. Àsìkò yìí dára fún ìrìn gan-an: kòkòrò ò tíì pọ̀, èrò ò tíì kún ojú ọ̀nà, ewé ò sì tíì bo igi, ojú yín á máa ríran jìnnà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Kì í ṣe ìrìn ló máa ń ba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, ìjókòó ni. Ara tó ń gun òkè ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wá jókòó láti jẹun: òógùn ti rin ẹ̀wù, ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé ṣì tutù bíi ti ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ara ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó ń bọ́ súwẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ti ń gbọ̀n. Ẹ ó sáré jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ ó sì padà sílé láìjẹ adùn tí ẹ torí ẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ibi oúnjẹ ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kó wá fi ìrìn yí i ká. Ohun tí mo kọ síbí jẹ́ fún ìrìn wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀, lórí òkè tí kò ga jù. Òkè ńláńlá tí yìnyín bò láti ìsàlẹ̀ dé orí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sí lára èyí.

1. Ẹ mú ibi tí ẹ ó ti jẹun

Ẹ tẹ́ máàpù, bóyá ti bébà tàbí ti orí fóònù, kí ẹ wá ibi tí ohun mẹ́ta bá ti pàdé: oòrùn, ààbò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, àti ibi ìjókòó tó gbẹ. Ní ìhà àríwá ayé, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù ni oòrùn máa ń gbá jù. Ní ìhà gúúsù ayé, níbi tí ìgbà ìrúwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September, ẹ yí i padà, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá ni kí ẹ wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè pọ̀ débi pé koríko ti ń hù ní ọ̀kan nígbà tí yìnyín ṣì wà ní èkejì.

Orí òkè gan-an kọ́ ni ibi oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló wu gbogbo èèyàn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. Ẹ ya fọ́tò yín níbẹ̀, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò ti wá. Nígbà míì, ogún ìṣísẹ̀ péré ti tó láti yí ọjọ́ padà. Ẹ̀yìn àpáta ńlá dára, ẹ̀yìn ògiri òkúta àtijọ́ dára, etí igbó náà dára. Ìsàlẹ̀ àfonífojì lẹ́bàá odò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọra ṣàn lọ jókòó sí. Kí ẹ sì tó jókòó sábẹ́ igi èyíkéyìí, ẹ gbójú sókè. Ìjì ìgbà òtútù máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka sílẹ̀ láì já a tán; ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lè há sókè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó wá já lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kékeré bá fẹ́ ẹ.

Ibi tí ẹ bá mú, ó dáa kó wà lẹ́yìn ìgòkè tó le jù lójú ọ̀nà yín, kó sì bọ́ sí àárín ìrìn tàbí kó kọjá àárín díẹ̀. Ẹni tó bá jẹun yó kó tó gun òkè á jìyà ẹ̀. Ẹ ṣètò kí ẹ débẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà lókè jù. Ẹ rántí pé níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ìgbà ìrúwé, aago kan ọ̀sán tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ ni oòrùn tó máa ń dé góńgó, kì í ṣe aago méjìlá. Ẹ mú ibì kejì sílẹ̀ pẹ̀lú, torí afẹ́fẹ́ kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

2. Ẹ ṣírò àkókò

Ní ọdún 1892, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn arìnrìn-òkè ṣì ń lò títí dòní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 10 kún un fún gbogbo mítà 100 tí ẹ bá gùn sókè. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà yín jẹ́ kìlómítà 9, ìgòkè rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mítà 300. Kìlómítà 9 yẹn á gbà yín ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 48; ìgòkè á gba ìṣẹ́jú 30; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 18.

Ẹni tí ara ẹ̀ le, tó ń rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni Naismith ní lọ́kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, ẹrẹ̀ wà, yìnyín tó ṣẹ́kù wà, ọ̀rọ̀ sísọ náà wà, torí ọ̀rẹ́ méjì kì í rìn bíi sójà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo máa ń fi kún un. Ìyẹn gbé e dé wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 kún un fún oúnjẹ, ẹ ti súnmọ́ wákàtí mẹ́rin. Tí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago méjì ọ̀sán lẹ ó parí.

Ẹ wo àkókò tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 tàbí 21 oṣù March, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé, nǹkan bíi wákàtí méjìlá-méjìlá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ìhà àríwá, ilẹ̀ ṣì ń tètè ṣú ju bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń mú kéèyàn rò lọ. Ó kéré tán, kí wákàtí méjì ṣẹ́kù kí oòrùn tó wọ̀ nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí. Kí ẹ sì fẹnu kò sí aago ìpadà kan láti ilé: tó bá ti lu, ẹ ó yíjú padà, bí orí òkè bá tilẹ̀ ń wò yín lójú.

3. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ tó kọjá "mo ń bọ̀"

Ibí yìí ni ìrìn ọ̀rẹ́ ti máa ń dàrú. Ọ̀kan rò pé àwọn ń lọ sáré gun òkè, èkejì rò pé àwọn ń lọ jókòó sínú oòrùn. Ẹ bi í láì fi ṣe àwàdà: "Báwo lorúnkún rẹ báyìí? Wákàtí mélòó lo lè rìn kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi?" Ẹ bi í nípa oúnjẹ tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹ̀pà, ẹyin àti wàrà ni oúnjẹ tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò láti gbé dání, àwọn náà sì wà lára èyí tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ̀. Tó bá ń lo oògùn tí wọ́n ń fà símú fún ikọ́ fée, tàbí abẹ́rẹ́ tó máa ń gún ara rẹ̀, kí ẹ mọ ibi tó fi pamọ́ sí nínú àpò, kí ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú àpò kiri lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ẹ pín ẹrù. Ọ̀kan gbé fúláàsì àti oúnjẹ, èkejì gbé omi, ìtẹ́dìí àti àpò ìtọ́jú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bo ara, kálukú ló máa gbé tirẹ̀: jákẹ́ẹ̀tì, fìlà, ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì, fèrè. A ò lè fi jákẹ́ẹ̀tì ẹnì kan yá ẹni méjì. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé: ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà, aago tí ẹ rò pé ẹ ó padà dé, àti aago tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín tí kò bá gbúròó yín. Tí ẹ bá ti dé, ẹ má gbàgbé láti sọ fún un.

4. Ẹ wo ojú ọjọ́, ẹ wo ilẹ̀

Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún wò ó láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ju bí ooru àti òtútù ṣe máa rí lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, nǹkan bíi 6.5°C fún mítà 1,000. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ 8°C ni ìsàlẹ̀, tí ẹ sì gun mítà 600, nǹkan bíi 4°C ló ń dúró dè yín lókè, kí afẹ́fẹ́ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Tí òjò bá máa rọ̀, tí afẹ́fẹ́ líle sì máa fẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ sún un síwájú. Òkè ò ní sá lọ.

Ẹ tún bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Tí ilẹ̀ bá dì lóru tó sì yọ́ lọ́sàn-án, ojú ọ̀nà tó le bí òkúta ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ á ti di ẹrọ̀fọ̀ ní aago kan. Odò tí yìnyín yíyọ́ ń bọ́ náà ń kún bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n. Odò tí ẹ fi ìgbésẹ̀ kan kọjá láàárọ̀ lè ti dé orúnkún nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Torí náà, tí ọ̀nà yín bá sọdá odò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tètè jáde, tàbí kí ẹ mú ọ̀nà míì. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n máa ń ti ọ̀nà pa lásìkò ẹrẹ̀ kí ẹsẹ̀ èèyàn má bàa ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ má lọ bá ìdènà níwájú.

5. Aṣọ

Ẹ fi òwú sílẹ̀ nílé. Ṣòkòtò jíǹsì àti tíṣáàtì òwú máa ń fa òógùn mu, wọn kì í tètè gbẹ, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí wọ́n ṣe ń tutù. Aṣọ irun àgùntàn tàbí ti pólísítà ni kó kan ara. Lé e lórí, súwẹ́tà fẹ́lẹ́ kan. Lókè pátápátá, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò ò lè wọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbéra, ó yẹ kí òtútù máa mú yín díẹ̀. Tí ara yín bá ti móoru dáadáa ní ìdí mọ́tò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ ó ti làágùn, òógùn yẹn gan-an ni ẹ ó sì san gbèsè rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun mẹ́ta tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún ìjókòó nìkan, ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ kan nínú ọ̀rá, àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan. Wọn ò wúwo, ẹ ó sì rí iṣẹ́ wọn lọ́sàn-án. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn, tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ló dára fún ẹrẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ó sì tún wúlò fún wíwọn ìjìn ẹrẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kàn án.

6. Oúnjẹ, àti fúláàsì ní pàtàkì

Ẹ gbé oúnjẹ tí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè mú, tí kò ní gba kí ẹ gé e, kí ẹ pò ó, tàbí kí ẹ fi ṣíbí méjì bá a jà. Búrẹ́dì tí ẹ ti fi nǹkan sí láàárín láti ilé, ẹyin sísè tí ẹ ti bó, wàràkàṣì, ẹ̀pà (tí ara ẹnikẹ́ni nínú yín ò bá kọ̀ ọ́), èso. Ṣokoléètì máa ń le bí igi nínú òtútù, ẹ rún un sí kékeré kí ẹ tó jáde. Tí ẹ bá gbé ẹran tàbí oúnjẹ mìíràn tó tètè ń bàjẹ́, ẹ rántí pé àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìrí ti ń gbèrú. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n yẹn ju wákàtí méjì lọ. Òtútù òde kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, torí inú àpò tó wà lẹ́yìn yín lè lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun gbígbóná ni olórí oúnjẹ ọjọ́ náà. Ọmọ ilẹ̀ Scotland mìíràn, James Dewar, ló ṣe fúláàsì ní 1892, ọdún kan náà tí Naismith gbé ìṣirò rẹ̀ jáde, ó sì máa ń wù mí láti rò pé àwọn méjèèjì ló ń bá wa gun òkè. Àárín ògiri méjì fúláàsì ni wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, kí ooru má rí ọ̀nà jáde. Àmọ́ tí ẹ bá da ọbẹ̀ gbígbóná sínú fúláàsì tó ti sùn mọ́jú nínú kọ́bọ́ọ̀dù tútù, fúláàsì náà ló máa kọ́kọ́ jẹ ooru ọbẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: mo máa ń da omi tó ń hó kún un dé ọrùn, mo ń dé e, mo sì ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láàárín ìgbà yẹn, ọbẹ̀ wà lórí iná, kó máa hó, kì í ṣe kó kàn gbóná. Màá da omi nù, màá da ọbẹ̀ sí i kíá, kó kún, torí àyè tó bá ṣófo lókè ni ooru ń bá lọ. Lẹ́yìn náà, màá fi súwẹ́tà wé e láàárín àpò. Ọbẹ̀ tó ṣàn, tí ẹ̀wà tàbí ọ̀dùnkún inú rẹ̀ ti rọ̀, ló dára. Èyí tó bá ki á dí ẹnu fúláàsì. Ọ̀tọ̀ ni kí fúláàsì tíì wà. Tí ẹ bá fi tíì sínú èyí tí ẹ fi gbé ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu yín á jẹ́rìí.

Omi: nǹkan bí ìdajì lítà fún wákàtí kan, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú òtútù, òùngbẹ kì í tètè gbẹ èèyàn, ṣùgbọ́n ara ń pàdánù omi bó ti wù kó rí.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ewé ojú ọ̀nà. Àsìkò yìí ni áàyù ìgbẹ́, Allium ursinum, ń hù nínú igbó ilẹ̀ Yúróòpù, òórùn rẹ̀ á máa pe àwọn tó fẹ́ràn oúnjẹ. Ewé Convallaria (lily of the valley) àti ti Colchicum (autumn crocus) jọ ọ́, májèlé sì ni àwọn méjèèjì. Ti Colchicum lè pààyàn. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ewé rá lọ́wọ́ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹn ò dáni lójú, torí lẹ́yìn ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ yín ti ń rùn áàyù, gbogbo ewé tí ẹ bá wá fọwọ́ kàn á máa rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ oúnjẹ tí ẹ gbé wá.

7. Lójú ọ̀nà

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó wà níwájú. Tí ẹni tó yára bá ṣáájú, á máa dúró de ẹnì kejì, á sinmi tán, á sì gbéra gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹni tó rẹ̀ bá dé, tí ẹni yẹn ò ní sinmi rárá. Ẹ rìn níwọ̀n tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ dúró kí kálukú bọ́ aṣọ kan, kó tún okùn bàtà so.

Tí ẹ bá dé ibi ẹrẹ̀, ẹ gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé kò wuni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ń tẹ àwọn ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú pa, ọ̀nà á sì máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìgbésẹ̀ kúkúrú, kí ẹ má fò.

Yìnyín tó ṣẹ́kù gba ìfura. Abẹ́ òjìji lẹ ó ti bá a, nígbà tí ẹ ti rò pé ó ti tán. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ le, ó sì ń yọ̀ bí gíláàsì. Lọ́sàn-án, ó ti rọ̀, ẹsẹ̀ á sì rì wọ inú rẹ̀ dé orúnkún lójijì. Ibi tó sún mọ́ àpáta tàbí ìdí igi ló léwu jù, torí òkúta àti igi máa ń gba ooru oòrùn, wọ́n á sì yọ́ yìnyín láti abẹ́ títí tí àárín á fi ṣófo tí òkè á ṣì dà bíi pé ó le. Ẹ rìn jìnnà sí wọn ní ìwọ̀n apá kan. Ẹ dúró kí ẹ tẹ́tí: tí ẹ bá ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ ibẹ̀. Tí yìnyín bá sì bo ojú ọ̀nà tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò sí ohun tó máa dá èèyàn dúró tó bá yọ̀, ibẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ náà parí sí. Ẹ padà lọ jẹun níbi kejì tí ẹ ti mú sílẹ̀.

Tí ẹ bá ní ajá, ẹ so ó mọ́ okùn. Àwọn ẹyẹ kan ti ń yé ẹyin sórí ilẹ̀, àgùntàn sì ń bímọ lásìkò yìí.

8. Ìjókòó

Bí ẹ bá ti dé ibi oúnjẹ, ẹ má tíì jókòó. Kálukú yọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn kó wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ara ṣì gbóná. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òtútù bá mú un kó tó wọ aṣọ ti pẹ́ jù, torí aṣọ kì í ṣe iná. Ooru tó bá bá lára ló ń pa mọ́. Tí ẹ̀wù tó kan ara bá ti rin fún òógùn, ẹ pàrọ̀ rẹ̀ kí jákẹ́ẹ̀tì tó gorí rẹ̀. Òtútù rẹ̀ á gbọ̀n yín jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fìlà, ìbọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ìtẹ́dìí. Ege fóòmù kékeré kan tó tó ìdí jókòó ti tó, èyí tí a gé lára ẹní ìsùn àtijọ́. Òkúta àti ilẹ̀ tútù ń fa ooru ara ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Ọ̀rá lásán ń dènà omi, kì í dènà òtútù.

Ẹ fọwọ́ tàbí kí ẹ nu ún, kí ẹ wá ṣí ọbẹ̀ kí ẹ tó ṣí búrẹ́dì. Ohun gbígbóná ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ gbá ife mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí èéfín rẹ̀ kan imú. Tí ẹsẹ̀ bá tutù, àsìkò yìí ni ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ wúlò. Lẹ́yìn náà ẹ jẹun bó ṣe wù yín, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́ tó bá wù yín. Ẹ fi tíì sílẹ̀ fún ìgbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá mọ̀ pé tíì ṣì wà nínú fúláàsì kì í kánjú dìde.

Kí ẹ máa wo ojú ara yín. Òtútù tó ń wọra kì í dúró dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Ó lè mú ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin nínú afẹ́fẹ́ ní 5°C sí 10°C. Ara gbígbọ̀n ni àmì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ò ní lè so okùn bàtà mọ́, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu, èèyàn á máa kọsẹ̀, á sì máa ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kì í mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń rí i. Ẹ wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ẹ fún un ní ohun dídùn gbígbóná tó bá ṣì lè gbé e mì dáadáa, ẹ má fún un ní ọtí. Tí gbígbọ̀n bá ṣì wà, tí ọpọlọ rẹ̀ sì já gaara, ẹ jẹ́ kó rìn sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu tàbí tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá, ẹ dì í mọ́ inú aṣọ kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí ẹ pe ìrànlọ́wọ́.

Nọ́ńbà 112 ń ṣiṣẹ́ láti orí fóònù alágbèéká ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ẹ mọ ti ibi tí ẹ bá wà. Tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fọn fèrè: ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Òtútù máa ń pa bátìrì fóònù, torí náà àpò inú tó sún mọ́ ara ni kí fóònù máa gbé, kí máàpù ọ̀nà yín sì ti wà lórí rẹ̀ láti ilé.

Ẹ kó gbogbo nǹkan yín, títí kan èèpo ọsàn àti èèpo ẹyin. Àwọn èèyàn máa ń ní yóò jẹrà. Nínú òtútù, èèpo ọsàn lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí ìgbẹ́ bá gbọn ẹnì kan, kó rìn jìnnà tó nǹkan bíi mítà 60 sí odò àti ojú ọ̀nà, kó gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó bò ó, kó sì kó bébà rẹ̀ padà sínú ọ̀rá.

9. Ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ìjókòó kí ẹ tó gbéra, àyàfi tí afẹ́fẹ́ bá le. Ẹrẹ̀ ti rọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ikùn ti yó, ọkàn ti dé ilé. Orúnkún títẹ̀ díẹ̀, ìgbésẹ̀ kúkúrú. Ẹ má gba ọ̀nà àbùjá tí ẹnikẹ́ni ò bá yín sọ.

10. Tí ẹ bá délé

Eégbọn ti ń jáde láti nǹkan bíi 7°C, nígbà míì kó tilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, kò dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí kálukú yẹ ara rẹ̀ wò: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ẹ̀gbẹ́ abẹ́, ẹ̀yìn etí, ìlà irun. Ó lè kéré gan-an, kó dà bí àmì dúdú lásán. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó di orí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ awọ, ẹ fà á sókè gbọọrọ láì lọ́ ọ. Ẹ má fi òróró pa á, ẹ má fi iná jó o. Ìyẹn lè mú kó bì sínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Eégbọn tó bá ní àrùn Lyme sábà máa ń nílò ju wákàtí 24 lọ lára èèyàn kó tó kó o ràn án, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àyẹ̀wò yìí di ọjọ́ kejì. Tí ojú ibẹ̀ bá pọ́n tó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí oṣù kan, tàbí tí ibà bá gbé yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà kó tó gbẹ, ẹ yọ àtẹ́lẹsẹ̀ inú rẹ̀, ẹ ki bébà bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí iná, torí ooru máa ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Fúláàsì náà, ẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ láìdé.